Ẹnu Tí A Rà fún Òkú

Sẹ̀ríyà fa ìpéǹpéjú bàbá arúgbó náà wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ kí ó gòkè padà. Bàbá náà ṣẹ́jú. Délé, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgò mínírà lọ́wọ́, fà sẹ́yìn bí ẹni tí ejò yọ sí.

"Ó ṣẹ́jú," ni Délé wí.

"Ṣé ẹ rò pé mò ń ṣeré ni, Bọ̀ọ̀dá Délé?" Sẹ̀ríyà dá a lóhùn láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí n parí ẹnu rẹ̀ ná. Tí ẹnu yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ ó sá jáde."

Bàbá tó ṣẹ́jú yìí ti kú láti bí ọdún kan. Bàbá Fágbénró ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ará Ùsì-Èkìtì tí gbogbo ìlú mọ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán Sẹ̀ríyà níṣẹ́. Nínú fọ́tò náà, bàbá dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé kan yóò máa fà á létí, fà á lẹ́nu.

Ìdó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù Délé wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kó skíríìnì ńlá, iná aláràbarà àti ẹ̀rọ tó ń tú èéfín lọ síbi ayẹyẹ káàkiri Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó. Orúkọ gàgàrà ló kọ sára mọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè ya igi kan kí ó jọ igi. Kí Sẹ̀ríyà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, labalábá kan náà tó fò lójú skíríìnì níbi ìgbéyàwó ní Ìkọ̀lé ló tún fò níbi ìsìnkú ní Ọyẹ́. Níbi méjèèjì, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ tí Sẹ̀ríyà ti gbọ́ ìyẹn ló ti ń kẹ́gàn wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Sẹ̀ríyà, ó sì wà ní SS2 ní Ùsì. Bàbá rẹ̀, Làmídì, a máa ra gààrí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a sì máa tà á ní Ìdó. Orí fóònù ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí ti kọ́ bí a ṣe ń mú àwòrán rìn, bí a ṣe ń mú kí iná jó lára ògiri tí kò gbóná, kí òjò sì rọ̀ sórí pèpéle láìsí omi. Olùkọ́ kankan kò kọ́ ọ. Ẹ̀bùn gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bùn náà ti ń dàgbà ni ìgbéraga ń bá a dàgbà. Níbi ayẹyẹ, ẹ̀yìn tábìlì ẹ̀rọ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa wo àwọn òǹwòran bí ẹni ń wo ewúrẹ́.

"Àwọn ará oko yìí," ni ó máa ń wí fún Délé. "Ohunkóhun tí a bá gbé síwájú wọn ni wọ́n á gbé mì."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀gẹ́ ló yí ilé bàbá tirẹ̀ ká.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ Bàbá Fágbénró wá ni Olóyè Afọlábí, àkọ́bí bàbá náà, tó ń gbé ní Abuja. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí ó bá ń sọ̀rọ̀, ohùn ara rẹ̀ ló máa ń dùn mọ́ ọn ni. Níbo ni wọ́n ti fi í joyè? Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lórí àìsàn, orí fóònù ló ti ń kí i, kì í sì í jẹ́ kí ìkíni náà gùn. Nígbà tí bàbá kú, ó sáré dé, ó sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ní láti dì í mú níwájú kámẹ́rà. Ìyàwó kékeré bàbá, Ọmọ́wùmí, àti ọmọbìnrin rẹ̀, Yẹ́misí, ni wọ́n ń gbé bàbá dìde, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ títí ó fi dákẹ́. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀.

Yẹ́misí yìí àti Sẹ̀ríyà, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí ní kíláàsì. Nígbà tí Sẹ̀ríyà parí ojú bàbá, tó kan ohùn, ọ̀dọ̀ Yẹ́misí ló lọ.

"Ṣé o ní ohùn bàbá rẹ lórí fóònù?"

"Mo ní. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìrántí ọdún kan tí bọ̀ọ̀dá yín ń ṣe ni. Bàbá yóò kí àwọn ènìyàn láti ojú skíríìnì. Á dùn mọ́ ìyá rẹ."

Yẹ́misí ronú díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn ló wà lórí fóònù rẹ̀. Nínú òmíràn, bàbá ń béèrè bóyá ó ti jẹun. Nínú òmíràn, ó ń sọ fún un pé kí ó rántí ti ilẹ̀kùn ulé. "Ulé" ni bàbá máa ń wí, "uṣẹ́" ni ó máa ń wí, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àgbà Ùsì. Yẹ́misí fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Má jẹ́ kí wọ́n sọnù," ni ó wí. "Wọn kò sí níbòmíràn."

Ẹ̀rọ gbọ́ ohùn náà, ó sì kọ́ ọ bí ayékòótọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí Sẹ̀ríyà bá ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni Bàbá Fágbénró yóò sọ jáde, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ tó máa ń wọ àárín ohùn rẹ̀. Délé gbọ́ ọ, ó sì jáde lọ dúró nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí ayẹyẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, Olóyè Afọlábí wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ kí bàbá òun sọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára: bàbá kí àwọn àlejò, ó sì gbàdúrà fún wọn. Ìparí rẹ̀ ni kò dára. "Oko mi tó wà lọ́nà Ààyè, Afọlábí ni mo fún. Ilé mi, òun ni mo fún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a dù ú."

Sẹ̀ríyà mọ oko náà. Ibẹ̀ ni Ọmọ́wùmí àti Yẹ́misí ti ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gààrí tí bàbá Sẹ̀ríyà fúnra rẹ̀ ń rà.

"Sà, ṣé bàbá sọ báyìí kí wọ́n tó kú?"

Afọlábí wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ìwọ ni lọ́yà wọn ni? Ohun tí bàbá mi kò rí àyè sọ ni mò ń bá a sọ."

Sẹ̀ríyà tún ọ̀rọ̀ náà kà. "Sà, bàbá kì í wí pé ilé. Ulé ni wọ́n máa ń wí."

"Kí àwọn àlejò mi láti Abuja wá rò pé bàbá mi kò lajú? Kọ ohun tí mo fún ọ." Ó yíjú sí dírẹ́bà rẹ̀, ìyẹn sì gbé láptọ́ọ̀pù tuntun kan wọlé tí kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Ó gbé e ka iwájú ọmọbìnrin náà. "Tìrẹ nìyí. Irú ọwọ́ tí o ní yìí, kò yẹ kí ó jókòó sí Ìdó. Mo mọ àwọn tó ń ṣe ètò ńláńlá ní Abuja. Ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, màá dárúkọ rẹ fún wọn."

Nígbà tí ó lọ, Sẹ̀ríyà wo Délé. Délé ti ń ya ọ̀rá kúrò lára láptọ́ọ̀pù.

"Iṣẹ́ tiwa ni àwòrán," ni Délé wí. "Ọ̀rọ̀ kì í ṣe tiwa. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Sẹ̀ríyà ń lò máa ń dákú tí ó bá fẹ́ mú èéfín lásán rìn. Ó fi ọwọ́ kan tuntun yìí, ó ronú kan Yẹ́misí, ó tún fi ọwọ́ kan án. Níkẹyìn ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwòrán lásán ni. Ta ni yóò gba àwòrán gbọ́? Ó gbàgbé pé òun kan náà ló máa ń sọ pé kò sí ohun tí wọn kì í gbé mì. Ó jókòó, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un.

Pápá ilé-ìwé kan ní Ùsì ni wọ́n ti ṣe ìrántí náà, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti ń wọ̀. Bí ìgbàlà bá wà nínú ariwo, Olóyè Afọlábí ì bá ti dé ọ̀run lọ́jọ́ náà. Ó jó wọlé, ó jó jáde, ó dá ara rẹ̀ lọ́lá. Nígbà tó yá, wọ́n pa iná pápá. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ẹsẹ̀ pèpéle. Lójú skíríìnì, erùpẹ̀ pupa ń fò káàkiri bí ìgbà tí ọkọ́ bá ń bọ́ sílẹ̀ lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀. Erùpẹ̀ náà rọra kó ara rẹ̀ jọ, ó di fìlà, ó di iwájú orí, ó di ojú. Bàbá Fágbénró ṣẹ́jú, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí.

Ìgbe ta láàárín àwọn obìnrin. Ọkùnrin kan tó ti jókòó tẹ́lẹ̀ dìde, ó ṣí fìlà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ó ń kí skíríìnì tí a háyà, tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná fún. Àwọn tó kàwé láàárín wọn kò sàn ju ìyókù lọ. Fóònù ni wọ́n gbé sókè, wọ́n ń ká a sílẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn tábìlì, Sẹ̀ríyà fi etí híjáàbù bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn àdúrà ni ọ̀rọ̀ oko dé, àti ọ̀rọ̀ ilé. Àwọn ará Abuja ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn ará ìlú sì bá wọn pa á. Ọmọ́wùmí nìkan ló dìde láàárín àwọn ìyàwó ilé, tó dúró gbọnrangandan, tó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀ lójú skíríìnì. Yẹ́misí kò wo skíríìnì. Ó yí ọrùn padà, ó ń wo tábìlì ẹ̀rọ. Ẹ̀rín Sẹ̀ríyà sì gbẹ.

Nígbà tí wọ́n pàdé ní kíláàsì, Yẹ́misí kò pariwo.

"Ṣé ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí bàbá mi lẹ́nu?"

"Ohun tí wọ́n fún mi ni mo ṣe."

Yẹ́misí gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì mìíràn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kan tó ń jẹ́ Esther. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí ojú òun àti Sẹ̀ríyà bá pàdé, ó máa ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọbẹ̀ tó ti kan.

Irọ́ kì í dá rìn. Kò pẹ́ tí Olóyè Afọlábí fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun kọ́ ló ṣe ọ̀rọ̀ yẹn. Pé orí ibùsùn àìsàn ni bàbá òun ti sọ ọ́ sínú fóònù òun, pé àwọn ọmọ Ìdó kàn fi èéfín àti erùpẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Àwọn tó ká a sílẹ̀ ti fi ránṣẹ́ káàkiri lórí Wásáàpù. Wọ́n gé èéfín kúrò, wọ́n gé erùpẹ̀ kúrò, ó wá ku bàbá arúgbó tó jókòó, tó ń pín ogún. Àwọn tí wọ́n wà lórí pápá, tí wọ́n fi ojú ara wọn rí erùpẹ̀ tó di ènìyàn, àwọn náà ló ń búra pé bàbá ló sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, katapílà wọ oko tó wà lọ́nà Ààyè. Olóyè fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ síbẹ̀. Ọmọ́wùmí sáré dé, ó dúró níwájú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí Olóyè kó wá fà á sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ò gbọ́ ohun tí ọkọ yín sọ ni?" ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó sì gbé fóònù sí i létí.

Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti hú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ́ ebè iṣu pẹrẹsẹ. Láti ọ̀sẹ̀ náà, Yẹ́misí kì í wá sí ilé-ìwé déédéé mọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ bá àwọn ará Ààyè ro oko olóko.

Ọmọ́wùmí tọ olórí ẹbí lọ, Bàbá Isaac, àbúrò Bàbá Fágbénró; Isaac gan-an ni orúkọ rẹ̀. Kò ní ẹ̀rí púpọ̀.

"Bàbá, ọkọ mi kò wí pé 'ilé' rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lójú nǹkan yẹn wí pé 'ilé'. Kì í ṣe ọkọ mi."

Àwọn kan nínú ẹbí rẹ́rìn-ín. Bàbá Isaac kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹbí pàdé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí Afọlábí sì gbé ohun tí bàbá rẹ̀ sọ lórí ibùsùn wá, kí gbogbo àwọn lè gbọ́ ọ.

Báyìí ni Olóyè ṣe tún wọ ṣọ́ọ̀bù Délé. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín.

"'Ulé' ni wọ́n fẹ́," ni ó wí fún Sẹ̀ríyà. "Fún wọn ní 'ulé'. Yọ èéfín, yọ erùpẹ̀, fi bàbá sórí ibùsùn. Jẹ́ kí ó wú ikọ́ díẹ̀. Àwọn ará oko yìí, ohunkóhun tí a bá gbé síwájú wọn ni wọ́n á gbé mì."

Sẹ̀ríyà gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ohùn tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò tíì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn rí. Ó rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lẹ́nu ọkùnrin tó ń fi ahọ́n yọ ẹran kúrò láàárín eyín.

"Ìwọ náà, ará oko ni ọ́," ni Olóyè fi kún un, bí ẹni ń yìn ín. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Sẹ̀ríyà wí.

Nígbà tó délé, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń rán ẹnu àpò gààrí. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo fún un, láti orí ohùn tó gbà lọ́wọ́ Yẹ́misí títí dé orí "ulé". Làmídì kò dá a dúró. Nígbà tó parí, bàbá náà ṣì ń rán àpò, kò sì gbójú wò ó.

"Gààrí Ọmọ́wùmí ni mo fi ń san owó ilé-ìwé rẹ," ni ó wí. "Nígbà tí kò gbé e wá mọ́, mo bi ìyá rẹ pé kí ló ṣe obìnrin yẹn. Ọmọ mi ni ó ṣe é." Ó fi eyín gé okùn. "Kí ọwọ́ rẹ má ṣe gbé láptọ́ọ̀pù yẹn wọ abẹ́ òrùlé yìí láé. Ibi tí irọ́ náà bá wà ni kí o lọ sọ òtítọ́ sí. N ó sìn ọ́ lọ, nítorí pé èmi ni mo bí ọ."

Ó dun Sẹ̀ríyà ju kí bàbá rẹ̀ nà án lọ.

Ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi bàbá sórí ibùsùn, ó fi "ulé" sí i lẹ́nu, ó fi ikọ́ sí i. Ó mọ̀ pé tí òun bá kàn lọ fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀, wọn yóò lé òun dànù bí ọmọ tí Ọmọ́wùmí rán wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Isaac. Olóyè jókòó síwájú, Délé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọmọ́wùmí àti Yẹ́misí wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Làmídì dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Olóyè ní inú láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ Ìdó ni òun kó ọ̀rọ̀ bàbá òun sí. Sẹ̀ríyà ṣí i sórí tábìlì, ó sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Bàbá Fágbénró wú ikọ́ lórí ibùsùn, ó pe Afọlábí, ó fún un ní oko, ó fún un ní ulé.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì láti ìhín dé ọ̀hún.

"Ẹ ò rí i pé ulé ni wọ́n wí," ni ọkùnrin kan wí, ọ̀kan nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí. Ọmọ́wùmí sorí kọ́.

"Bàbá," ni Sẹ̀ríyà wí, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí Bàbá Fágbénró sọ?"

Bàbá Isaac wò ó. "Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

"Ohun yòówù, sà. Ohun tí wọn kò lè sọ láéláé."

Bàbá arúgbó náà ronú. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé òun ni àbúrò, pé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ti pọ̀n ọ́n dàgbà. "Ní kí ó sọ pé èmi ni mo bí òun," ni ó wí.

Sẹ̀ríyà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Olóyè dìde, ó na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n Làmídì, tí àpò gààrí ti fún ní apá, ti wà láàárín wọn. Olóyè rọra jókòó padà.

Lójú ẹ̀rọ, Bàbá Fágbénró rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ kan náà tó fi pín oko.

"Isaac ni ó bí mi," ni ó wí.

Ọmọ kékeré kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ẹlòmíràn kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tí orí wọn ti ń mì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Láti ẹnu ọ̀nà, Ọmọ́wùmí wí pé, "Ẹ pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á." Sẹ̀ríyà pa á.

Bàbá Isaac kò gbé ohùn sókè.

"Afọlábí, nígbà tí bàbá rẹ ní ẹnu, o kò wá gbọ́ ohun tó ń bọ̀ níbẹ̀. Ó kú tán, o wá lọ ra ẹnu fún un. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ìwọ lo tà á. O ti wá jẹ́wọ́, ó dára, ṣùgbọ́n má rò pé a ó kí ọ kú iṣẹ́." Ó yíjú sí ìyókù. "Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yìí, mi ò mọ ohun tí mo lè pè yín. Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ gbé sọ fún yín pé ọkọ òun kọ́ nìyí. Ẹ gba àwòrán gbọ́, ẹ fi obìnrin ṣẹ̀sín. Oko, oko Ọmọ́wùmí ni. Ulé, ulé rẹ̀ ni. Ẹ dìde kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ mi."

Olóyè Afọlábí padà sí Abuja kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ ló gbé láptọ́ọ̀pù lọ, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí Sẹ̀ríyà ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ti kó sínú rẹ̀ nítorí pé ó yá ju ti àtijọ́ lọ. Ní ti Délé, ó ń kiri Ìdó, ó ń sọ pé ọmọdé ló tan òun jẹ. Kò gba Sẹ̀ríyà síṣẹ́ mọ́. Ó padà sórí labalábá, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n pín àwòrán náà kiri lórí Wásáàpù ló kọ́kọ́ ń pòṣé tí Sẹ̀ríyà bá ń kọjá lọ́jà. "Ọmọ tó ń mú òkú purọ́," ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kì í ṣe etí tiwọn ni irọ́ náà gbà kọjá.

Oko padà sọ́wọ́ Ọmọ́wùmí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló padà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kò lè padà wọlẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Sẹ̀ríyà mú ọkọ́, ó sì lọ bá wọn níbẹ̀. Yẹ́misí ń kọ ebè. Kò dúró.

"Mo wá bá yín ṣe é," ni Sẹ̀ríyà wí.

"Ilẹ̀ pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lé ọ."

Wọ́n ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi mú, poro ebè kan sì wà láàárín wọn. Sẹ̀ríyà tọrọ àforíjì. Yẹ́misí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.

"Ìyá mi ní kí n dárí jì ọ́, màá gbìyànjú," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n màá sọ ohun tí o ṣe fún ọ, kí o má bàa rò pé oko nìkan ni. Tẹ́lẹ̀, tí ọkàn mi bá fà sí bàbá mi, màá ṣí ohùn wọn lórí fóònù. Báyìí, tí mo bá ṣí i, mi ò mọ̀ bóyá àwọn ni mò ń gbọ́ tàbí ìwọ. Ìyẹn ni o gbà lọ́wọ́ mi. Bàbá Isaac kò lè dá a padà fún mi."

Sẹ̀ríyà tẹra mọ́ ebè tó wà níwájú rẹ̀. Ó padà lọ ní Sátidé kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e, títí ẹ̀gẹ́ tuntun fi rúwé. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n Yẹ́misí kò padà sórí bẹ́ǹṣì àtijọ́.

Lónìí, Sẹ̀ríyà ṣì ń mú àwòrán rìn. Ọ̀gá ilé-ìwé wọn ní kí ó ṣe àwòrán tí àwọn òbí yóò wò níbi ìparí ọdún, ó sì ṣe é lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní ilé-ìwé, tó máa ń dákú bíi ti ṣọ́ọ̀bù Délé. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè pé ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀, ó sì tọ àwọn ènìyàn náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti gba àṣẹ lẹ́nu wọn. Nígbà tí àwòrán jáde, tí àwọn òbí ń yọ̀, kò fi híjáàbù bo ẹnu. Ó ń wo ojú wọn, ẹ̀rù ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sì ń bà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, tí ẹ lè mú kí iná jó níbi tí iná kò sí, kí òkú sì rẹ́rìn-ín: ọgbọ́n ọwọ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá àwọn tó ń wò ó. Ẹni tó bá ti fojú tín-ín-rín ènìyàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi purọ́ fún wọn. Ẹni tó bá sì ti ya irọ́ rẹ̀ tí ó jọ òtítọ́, ní ọjọ́ tó bá ń sọ òtítọ́, wọn yóò kọ́kọ́ bi í pé ta ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀.